Òṣùwọ̀n Wo Ni A Fi Ń Wọn Ọmọ Wa? Èrò Lórí Oríṣìí Ìfẹsẹ̀múlẹ̀ Nínú Ìwádìí Ìmọ̀ Ìhùwàsí Ẹ̀dá

Ìfáàrà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022. Ìlànà yẹn ni ó ní kí a máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí ìwé kẹfà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí mínísítà fi lélẹ̀ ni pé àwọn agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí ju bí ó ti yẹ lọ ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí dùn wọ akínyẹmí ara. Ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, ìbínú kò lè dáhùn ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ pé ẹ̀rí ni òun fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ìbéèrè ni ó yẹ kí á fi dáhùn: ǹjẹ́ ẹ̀rí tí a mú wá lágbára tó ẹrù tí a gbé rù ú? Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ń béèrè nígbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ nípa ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ìwádìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa há orúkọ oríṣìí ìfẹsẹ̀múlẹ̀ sórí nítorí ìdánwò, wọn a sì gbàgbé wọn ní ọjọ́ kejì. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìmọ̀ náà ju àhásórí lọ. Òun ni a lè fi dá ẹjọ́ tí ó kan ọjọ́ iwájú àwọn ọmọ wa, yálà ẹni tí ó fara mọ́ èrò wa ni ó rojọ́ tàbí ẹni tí ó takò wá.

Kóńgò àti òṣùwọ̀n

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí á ya ohun méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni ìṣeégbáralé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí a bá wọn ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èsì kan náà ni a óò máa rí. Èkejì ni ìfẹsẹ̀múlẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí a sọ pé a ń wọ̀n ni a ń wọ̀n ní tòótọ́, àti pé ìtumọ̀ tí a fún èsì náà ní ẹ̀rí lẹ́yìn.

Ẹni tí ó bá ti na ọjà rí mọ ìyàtọ̀ yìí. Kóńgò tí aláìṣòótọ́ ti lu ìdí rẹ̀ wọnú kò ní yí padà láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí ó ṣe wọn gàrí fún ẹni àkọ́kọ́ náà ni yóò ṣe wọ̀n ọ́n fún ẹni ogún. A lè gbára lé e pé kò ní ṣe ségesège, síbẹ̀ irọ́ ni ó ń pa fún gbogbo ẹni tí ó wá rajà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìdánwò tí èsì rẹ̀ kì í yẹ̀ ṣe lè jẹ́ òṣùwọ̀n èké. A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá fún ìwé-ẹ̀rí NCE, akẹ́kọ̀ọ́ a ṣírò ìṣeégbáralé, a kọ iye tí ó rí sílẹ̀, a sì ka ọ̀rọ̀ ìfẹsẹ̀múlẹ̀ kún ohun tí ó ti parí.

Oríṣìí ìfẹsẹ̀múlẹ̀ tí ó jẹ mọ́ òṣùwọ̀n

Ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde nípa ìdánwò. Láti ìgbà náà ni pínpín ìfẹsẹ̀múlẹ̀ sí oríṣìí ti di ohun tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ wọ́n wò ní ṣókí, kí á sì dúró pẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìfẹsẹ̀múlẹ̀ àfojúrí. Èyí ni pé bí ènìyàn bá wo ìdánwò, ó jọ ohun tí a sọ pé ó jẹ́. Òun ni ó rọrùn jù, òun náà ni ó sì ń tan ni jẹ jù. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé alábòójútó òun ti wo ìwé ìbéèrè òun, tí ó sì ní ó dára, kò tíì kọjá ipele yìí.

Èkejì ni ìfẹsẹ̀múlẹ̀ àkóónú: ǹjẹ́ àwọn ìbéèrè náà kárí gbogbo ohun tí ó yẹ kí wọ́n kárí? Olùkọ́ tí ó kọ́ ọmọ ní àṣà ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àti oyè jíjẹ, tí gbogbo ìbéèrè rẹ̀ sì dá lórí ìgbéyàwó nìkan, kò tíì wọn ohun tí ọmọ mọ̀ nípa àṣà Yorùbá.

Ẹ̀kẹta ni ìfẹsẹ̀múlẹ̀ àfiwé, tí ó ní ẹ̀ka méjì. Bí a bá fi èsì ìdánwò wé ohun mìíràn tí a mọ̀ lásìkò kan náà, bí ìgbà tí a fi èsì ìdánwò ìwé kíkà tuntun wé ohun tí olùkọ́ kíláàsì mọ̀ nípa ọmọ, ti àsìkò kan náà nìyẹn. Bí a bá sì ń wo bóyá èsì òní lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la, ti àsọtẹ́lẹ̀ ni. Ìdánwò àṣewọlé gbogbo, orí àsọtẹ́lẹ̀ yìí ni ó dúró lé.

Ẹ̀kẹrin ni ìfẹsẹ̀múlẹ̀ èròǹgbà. Ọgbọ́n, ìfẹ́ ẹ̀kọ́, ìbẹ̀rù àti iyì ara ẹni kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú rí tàbí fi ọwọ́ kàn. Èròǹgbà ni wọ́n, a sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé àmì tí a ń kà jáde láti ara wọn ni lóòótọ́. Lee Cronbach àti Paul Meehl ni wọ́n ṣàlàyé èyí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ní ọdún 1955. Nígbà tí ó di ọdún 1989, Samuel Messick tẹ̀ síwájú. Ó ní gbogbo ìfẹsẹ̀múlẹ̀ yòókù, abẹ́ èyí ni wọ́n wà. Ó tún ní kì í ṣe ìdánwò fúnra rẹ̀ ni ó ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, bí kò ṣe ìtumọ̀ tí a fún èsì rẹ̀ àti ohun tí a fi èsì náà ṣe. Gbólóhùn yìí ni a fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn títí dé ìparí iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí òṣùwọ̀n bá wọn ohun mìíràn

Ìtàn fi hàn pé àṣìṣe lórí ìfẹsẹ̀múlẹ̀ èròǹgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ní ọdún 1917, nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé kìíní, Robert Yerkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò ọgbọ́n méjì fún àwọn ọmọ ogun: Army Alpha fún àwọn tí ó lè ka Gẹ̀ẹ́sì, àti Army Beta, tí ó jẹ́ alláwòrán, fún àwọn tí kò lè kà á. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ọkùnrin tí ó ṣe é. Nínú ti alláwòrán, a ní kí wọ́n sọ ohun tí ó kù nínú àwòrán pápá tẹníìsì tí kò ní àwọ̀n, àti ti ẹ̀rọ giramafóònù tí kò ní fèrè. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé kan ní Ítálì tàbí Pólándì dé, tí kò rí tẹníìsì rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Síbẹ̀, ní ọdún 1923, Carl Brigham gbé ìwé jáde tí ó fi èsì náà sọ pé ọgbọ́n àbímọ́ni àwọn ará gúúsù àti ìlà-oòrùn Yúróòpù kéré. Èsì yẹn kan náà fi hàn pé bí àlejò bá ṣe pẹ́ tó ní Amẹ́ríkà ni máàkì rẹ̀ ṣe ń ga tó. Ìmọ̀ nípa ìgbé ayé Amẹ́ríkà ni ìdánwò náà ń wọ̀n, a sì ń pè é ní ọgbọ́n. Ní ọdún 1930, Brigham fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé iṣẹ́ òun àtijọ́ kò ní ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1924 ni òfin tí ó dín iye àlejò láti àwọn agbègbè wọ̀nyí kù ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀rí méjì mìíràn tún wà tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa. Ní ọdún 1979, Robert Serpell gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ Sáńbíà àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí wọ́n ṣe àdàkọ àwọn àpẹẹrẹ tí a fi hàn wọ́n. Nígbà tí a fún wọn ní pẹ́ńsù àti ìwé, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì borí. Nígbà tí a fún wọn ní wáyà, èyí tí àwọn ọmọ Sáńbíà fi ń ṣe ohun ìṣeré, àwọn ọmọ Sáńbíà borí. Nígbà tí ó kan amọ̀, tí tọ̀tún-tòsì mọ̀ ọ́n lò, wọ́n ṣe dọ́gba. Ká ní pẹ́ńsù nìkan ni olùwádìí mú dání ni, ohun tí yóò kọ sínú ìwé ni pé àwọn ọmọ Sáńbíà kò lè rí ìrísí nǹkan dáadáa.

Ní ìlú Recife, orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann ṣe ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1985. Àwọn ọmọ márùn-ún tí ń tajà ní ìgboro ni wọ́n lọ bá nídìí ọjà wọn bí oníbàárà. Wọ́n béèrè iye owó àgbọn mélòó kan àti iye ṣéńjì tí ó yẹ kí wọ́n gbà. Àwọn ọmọ náà gba ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni a jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé. Nígbà tí a sọ ìṣirò náà di ìtàn kékeré, wọ́n gba ìdá 74. Nígbà tí a kọ ọ́ bí ìṣirò ilé-ìwé lásán, ìdá 37 péré ni wọ́n gbà. Ìṣirò yìí kan náà ni, orí ọmọ kan náà sì ni. Ta ni yóò sọ pé ìdá 37 ni ìmọ̀ ìṣirò àwọn ọmọ wọ̀nyí? Òótọ́ ni pé ọmọ márùn-ún kéré púpọ̀, a kò sì lè fi wọ́n sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ọmọ Bùràsíìlì. Ṣùgbọ́n wọ́n tó láti kọ́ wa pé ibi tí a ti wọn ọmọ àti ọ̀nà tí a gbà wọ̀n ọ́n wà nínú èsì.

Ìtumọ̀ èdè náà a máa yí òṣùwọ̀n padà. Ní ọdún 1965, Morris Rosenberg ṣe òṣùwọ̀n iyì ara ẹni oní-gbólóhùn mẹ́wàá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń lò. Ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn náà dá lórí pé ènìyàn kò ní ohun púpọ̀ tí ó lè fi yangàn. Nínú àṣà Yorùbá, ẹlòmíràn ni ó ń ki ni ní oríkì. Ọmọ tí a bá kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ ga. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa ìlà sí abẹ́ "mo gbà bẹ́ẹ̀", òṣùwọ̀n yóò ní kò ka ara rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ìwà ọmọlúàbí ni ó ń hù. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ bá ọ̀rọ̀ mu nínú ìtumọ̀ kò tó. Èròǹgbà ni ó gbọ́dọ̀ bá èròǹgbà mu.

Ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ti inú àti ti òde: Iṣẹ́ Ifẹ̀

Oríṣìí méjì tí ó kù jẹ mọ́ ètò ìwádìí fúnra rẹ̀. Donald Campbell ni ó fún wọn lórúkọ ní ọdún 1957, òun àti Julian Stanley sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní ọdún 1963. Ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ti inú ń béèrè pé: ǹjẹ́ ohun tí a sọ pé ó fa èsì yìí ni ó fà á, àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀? Àwọn àgbà ní àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìdí nìyí tí a fi ń wá ọ̀wọ́ ìfiwéra. Ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ti òde ń béèrè pé: ohun tí a rí níhìn-ín, ǹjẹ́ a lè rí i lọ́hùn-ún? Ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Kò sí àpẹẹrẹ tí ó yẹ wá ju iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Ọ̀wọ́ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Ọ̀wọ́ ìfiwéra fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àbájáde tí Fáfúnwá, Macauley àti Sókòyà gbé jáde nínú ìwé ní ọdún 1989 ni pé àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Inú wa a máa dùn láti tọ́ka sí iṣẹ́ yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ jẹ́ olóòótọ́, àwa fúnra wa ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ bi í léèrè. Ìwé tuntun ni a kọ fún àwọn ọmọ náà. Olùkọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni ó kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùkọ́ wọn mọ̀ pé ojú ń wo àwọn. Bí ọmọ bá ṣe dáadáa, èló ni ti èdè nínú rẹ̀, èló ni ti ìwé, èló sì ni ti olùkọ́? Ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ti inú nìyẹn. Ní ti òde, ìlú kan tí gbogbo ọmọ ti ń sọ èdè kan náà kò jọ ibi tí ọmọ inú kíláàsì kan ti ń sọ èdè mẹ́rin. Àwọn olùwádìí náà fa iṣẹ́ wọn dé àwọn ilé-ìwé mìíràn nígbà tí ó yá, èyí sì fi okun kún ẹ̀rí wọn. Síbẹ̀, iṣẹ́ Ifẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹ̀rí tí ó dára ni, tí ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí á ṣe irú rẹ̀ sí i.

Ìdájọ́ ọdún 2025 lórí òṣùwọ̀n yìí

Bí a bá ti yẹ ti ara wa wò báyìí, a ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ti ẹlòmíràn wò. Ẹ jẹ́ kí á gbé àlàyé mínísítà sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí á ka ọdún. Ọmọ tí ó ṣe ìdánwò WAEC ní ọdún 2025, bí kò bá tún kíláàsì kankan ṣe, yóò ti wọ ìwé kìíní ní nǹkan bí ọdún 2013, yóò sì ti parí ìwé kẹfà ní nǹkan bí ọdún 2019. Ìlànà tí a fagi lé kò tíì sí nígbà náà. Ọmọ tí ó wọ ìwé kìíní ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìlànà náà jáde, ìwé kẹta ni ó wà nígbà tí a fagi lé e. Èsì WAEC kò lè jẹ́ ẹ̀rí, yálà fún ìlànà ọdún 2022 tàbí lòdì sí i, nítorí pé ọmọ tí ìlànà náà kàn kò tíì dé ibi tí a ti ń ṣe WAEC.

Èkejì, a lè dáhùn pé ìlànà àtijọ́ ni mínísítà ní lọ́kàn, èyí tí ó ti wà láti ọdún 1977 pé kí á fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó wọn bí a ti ń lo èdè abínibí tó nínú kíláàsì, òṣùwọ̀n wo ni ó sì lò? Gbogbo olùkọ́ mọ̀ pé ohun tí ó wà nínú ìwé ìlànà yàtọ̀ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì. Àwọn agbègbè náà sì yàtọ̀ sí ara wọn ní ti owó, ní ti iye olùkọ́, àti ní ti ààbò ẹ̀mí. Ibi tí àwọn jàǹdùkú ti lé ọmọ àti olùkọ́ kúrò ní ilé-ìwé, ṣé èdè ni ó fa ìjákulẹ̀ wọn? Láìjẹ́ pé a ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀, kò sí ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ti inú níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń béèrè ìbéèrè ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé nínú ìdánwò wọ̀nyẹn. Máàkì tí ọmọ gbà níbẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú, ó sì ní ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú. Bí ọmọ bá kùnà, ìdánwò náà kò sọ èyí tí kò mọ̀ fún wa. Láti mú irú máàkì bẹ́ẹ̀, kí á sì fi sọ pé fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ ni kò jẹ́ kí ó mọ ìwé, dàbí ìgbà tí a fi pápá tẹníìsì wọn ọgbọ́n ará abúlé.

A kò sọ pé ohun tí mínísítà sọ kò lè jẹ́ òótọ́ láéláé. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀rí tí a gbé kalẹ̀ kò lè gbé ìdájọ́ náà dúró. Messick ti kìlọ̀ pé ohun tí a fi èsì ṣe wà lára ìfẹsẹ̀múlẹ̀ rẹ̀. Bí ohun tí a fẹ́ fi ṣe bá ṣe tóbi tó ni ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ṣe lágbára tó.

Ohun tí ó kàn wá

Iṣẹ́ wà fún àwa náà láti ṣe. Ní èrò tiwa, ó yẹ kí gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá ní ẹ̀ka wa kọ ẹ̀rí fún ìfẹsẹ̀múlẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún, kí ó má fi mọ ní "alábòójútó ti yẹ̀ ẹ́ wò". Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tú ìwé ìbéèrè sí Yorùbá wá ẹlòmíràn tí yóò tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìrí ti àkọ́kọ́, kí ó sì jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ mélòó kan láti gbọ́ ohun tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí létí wọn. Kí olùkọ́ tí ó wà ní ẹnu iṣẹ́ ìfidánrawò gbé ìbéèrè ìṣirò kan náà kalẹ̀ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ kíláàsì kan náà, kí ó yí èyí tí ó ṣáájú padà láti ọ̀wọ́ kan sí èkejì, kí ó sì kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀, ìbáà gbè wá, ìbáà má gbè wá. Iṣẹ́ kékeré ni, kò gba owó púpọ̀. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́wàá bá ṣe irú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ẹ̀rí yóò ti pọ̀ nílẹ̀ kí ìjọba mìíràn tó tún gbé ọ̀rọ̀ èdè dé.

Ìkádìí

A ti rí i pé ìfẹsẹ̀múlẹ̀ àfojúrí, ti àkóónú, ti àfiwé, ti èròǹgbà, ti inú àti ti òde kì í ṣe orúkọ lásán. Ìbéèrè ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́, ẹni tí kò bá béèrè a sì máa gba kóńgò tí a lu ìdí rẹ̀ wọnú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A fagi lé ìlànà ọdún 2022 láìjẹ́ pé a wọn iṣẹ́ tí ó ṣe. Bí a bá fẹ́ kí a dá irú rẹ̀ padà ní ọjọ́ kan, kí ó má jẹ́ pé ìfẹ́ tí a ní sí èdè wa nìkan ni a óò mú lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí á mú dání, ọwọ́ àwa olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni yóò sì ti wá.